Ọgbẹ́ Ọkàn àti Ìgò Ọtí: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Òwe yìí fi hàn gbangba pé ìgbà tí ewu bá lọ kọ́ ni ìbẹ̀rù ń lọ. Ejò ti wọ igbó tipẹ́, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ ṣì ń bẹ nínú ọkàn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ń fi ọtí tàbí oògùn olóró pa ìbẹ̀rù náà, ǹjẹ́ ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi?

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè yìí ju àríyànjiyàn inú kíláàsì lọ. Ní ọdún 2016 àti 2017, àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé onílé lóru ní agbègbè Ìkòròdú, wọ́n ń fi òkúta fọ́ orí ẹni tó sùn, tọmọdé tàgbà. Ìbẹ̀rù náà pọ̀ dé ibi pé ní ọdún 2017, àwọn ènìyàn dáná sun aláìṣẹ̀ tí wọ́n ṣì mú fún Badoo. Ní Ẹ̀pẹ́, ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àwọn agbébọn jí ọmọ ilé-ìwé mẹ́fà gbé ní Igbóńlá. Ọjọ́ 28 oṣù Keje ni àwọn ọmọ náà tó gba òmìnira.

Ẹni tí ó bá la irú òru bẹ́ẹ̀ já lè máa ta gìrì bí ajá bá gbó. Oorun a dá lójú rẹ̀, ohun tí ó rí a sì máa padà wá lójú àlá. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi orúkọ àìsàn yìí sínú ìwé wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i lára àwọn ọmọ ogun tó ti Vietnam bọ̀. Ògógóró a máa tètè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n bí agbára ọtí bá ti ń dínkù lóru, a ta jí, ìbẹ̀rù a sì tún le sí i. Nígbà tí ó bá yá, ife kan kò ní tó mọ́. Oorun tí ọtí bá yá ènìyàn, èlé ń bẹ lórí rẹ̀.

Àwọn kan ní ọ̀mùtí ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife, nítorí náà òun ni ó jẹ̀bi. Wọ́n gbàgbé pé ẹrù kan náà kì í wúwo bákan náà lórí ẹni tó rí alábàárù àti ẹni tó dá a rù. Àwọn mìíràn ní kò jẹ̀bi rárá, nítorí kò bẹ ejò kí ó bu òun jẹ. Àánú ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ro ti ará ilé. Bí bàbá bá ti ọtí dé, tí ó sì ń lu ìyá lóru níṣojú ọmọ, ejò ti bu ọmọ náà jẹ pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a ya ẹ̀bi sọ́tọ̀ kúrò lára ojúṣe. Ẹ̀yìn ni ẹ̀bi ń wò, iwájú ni ojúṣe ń wò. Ẹni tí a ṣe léṣe kò jẹ̀bi ọgbẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ojúṣe rẹ̀ ni láti wá ìwòsàn, kí ọgbẹ́ náà má baà di ogún ọmọ. Ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aró, l'Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, ó mú kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé-ìwòsàn náà ká, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú níbẹ̀. Ó mọ̀ pé àárín ènìyàn ni ọkàn ti ń sàn.

Nítorí náà, kí aládùúgbò tó bi ọ̀mùtí pé, ‘Èéṣe tí o fi ń mu?’, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi í pé, ‘Kí ni o rí?’ Bí ó bá sì ti sọ ohun tí ó rí, kí wọ́n má ṣe fi ìgò sílẹ̀ sí i lọ́wọ́.