Kèéta àti Àlàáfíà Nínú Ìgbé-ayé Onígbàgbọ́

Bí ẹni méjì bá jà, tí àwọn àgbà pè wọ́n jókòó, tí ẹlẹ́bi tọrọ àforíjì, tí wọ́n sì jọ pín obì jẹ, àwọn ará ilé a ní ìjà ti parí. Ṣùgbọ́n ìjà tí ó parí lẹ́nu lè wà nínú ọkàn bí iná abẹ́ eérú. Yorùbá mọ èyí, òun ni wọ́n ṣe ń wí pé ẹni tí ó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ẹ̀sìn Kírísítì sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó kó o gan-an dárí ji ẹni tí ó ṣu ún. Ǹjẹ́ àṣẹ yìí ṣeé pa mọ́? Bí ó bá sì ṣeé pa mọ́, kò ha ní sọ ìkà di aláìníbẹ̀rù?

Ìtàn ogun Kírìjì fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti bá ara wọn fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, tó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí ibùdó ogun ní 1886. Johnson lọ bá Ìbàdàn, Phillips lọ bá Èkìtìparapọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Àwọn ìjòyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lọ́dún náà. Síbẹ̀, ìfura kò jẹ́ kí gbogbo ọmọ ogun tú ká lọ sílé. Ó di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter dé, kí wọ́n tó tú ká. Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ pàápàá wà nínú àdéhùn yẹn, ṣùgbọ́n ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn ní 1981, ó sì tún bẹ́ láàrin 1997 sí 2000. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì kò wọ́n ní ìhà méjèèjì! Ìwé lè dá ìbọn dúró. Kò lè yọ kèéta kúrò nínú ọkàn.

Kí ni Jésù wá kọ́ni lórí èyí? Nínú Ìhìnrere Mátíù, ó ní kí ẹni tí ó mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ, tí ó sì rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun, fi ọrẹ náà sílẹ̀, kí ó lọ parí ìjà ná. Ẹlẹ́bi ni a rán níṣẹ́ níhìn-ín. Nígbà tí ó kan ẹni tí a ṣẹ̀, Jésù pa òwe ẹrú kan tí ọba fi gbèsè 10,000 tálẹ́ńtì jì, tí òun sì fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí 100 dínárì. Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí pé 100 dínárì kì í ṣe owó kékeré. Owó iṣẹ́ nǹkan bí 100 ọjọ́ ni. Jésù kò sọ pé gbèsè náà kò tó nǹkan. Ẹni tí ń dárí jini kò sọ pé ọgbẹ́ òun kò dun òun. Ohun tí ó ń rántí ni pé òun náà ti jẹ gbèsè tí apá òun kò ká.

Àwọn kan yóò ní ìdáríjì irú èyí ni í fún ìkà láyè. Ìtàn Jósẹ́fù dá wọn lóhùn. Jósẹ́fù kò fi ara rẹ̀ han àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé Íjíbítì. Ó dán wọn wò, títí Júdà fi ní kí a fi òun ṣe ẹrú dípò Bẹ́ńjámínì. Nígbà náà ni omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ìdáríjì àti ìfọkàntán kì í ṣe ohun kan náà: ènìyàn lè dárí jini lóòjọ́, kí ìfọkàntán tó padà wá lè gba ọdún. Ìdáríjì kò sì mú ìdájọ́ òdodo kúrò. Sákéù ṣèlérí láti san ohun tí ó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó má san án. Ẹ̀san ni a ní kí onígbàgbọ́ fi sílẹ̀. A kò ní kí ó pe èké ní òótọ́.

Bí ó bá kọ̀ láti fi í sílẹ̀, ta ni yóò pàdánù? Ọ̀tá lè ti sùn, kí ẹni tí ń dì í sínú máa la ojú sílẹ̀. Ogún kèéta a sì máa kan ọmọ. Ọmọ tí kò mọ ohun tí ó fa ìjà a ti mọ ilé tí kò gbọdọ̀ wọ̀ àti ẹni tí kò gbọdọ̀ kí.

Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ìgbàgbé tí wọ́n ń wí kì í ṣe kí iyè ènìyàn fò. Ẹni tí ó dárí jini lè rántí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún fi í ka gbèsè sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn mọ́. Níbẹ̀ ni ogun ti ń tú ká nínú ọkàn.