Ère Kékeré Inú Dígí



Nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ère kékeré ti Wúńdíá Màríà gbé wà nínú àpótí dígí, ní pálọ̀, níbi tí eruku kò ti lè bà á, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì lè tó o. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi dígí bo ohun mímọ́, ta ni a ń dáàbò bò? Ṣé ère náà ni, tàbí àwa fúnra wa?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Bràsíl, ibi tí àwọn baba wa kan ti padà wá sí Èkó, àwọn tí ó jẹ́ pé nítorí wọn ni a fi ń pe Ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà. Ní ọdún 1717, apẹja mẹ́ta, Domingos Garcia, João Alves àti Filipe Pedroso, da àwọ̀n sínú odò Paraíba, wọn kò sì rí ẹja pa. Ara ère kan, tí kò ní orí, ni àwọ̀n kọ́kọ́ gbé jáde. Wọ́n tún da àwọ̀n, orí rẹ̀ sì jáde. Ère amọ̀ sísun ni, kò ga ju bí ínṣì 14 lọ. Ẹ kíyè sí i pé fífọ́ ni wọ́n bá a. Ilé Filipe ni wọ́n gbé e sí, níbẹ̀ ni àwọn aládùúgbò sì ti ń péjọ gbàdúrà.

Òkìkí Ìyá wa ti Aparecida kàn títí, tí Póòpù Pius Kọkànlá fi sọ ọ́ di Alágbàwí gbogbo Bràsíl ní 1930. Ère náà wá wà lẹ́yìn dígí. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1978, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fọ́ dígí náà, ó gbé ère, ère sì bọ́, ó fọ́ yángá-yángá. Arábìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ni títún ohun ọnà ṣe ní São Paulo, Maria Helena Chartuni, ni ó fi sùúrù lẹ àwọn èérún náà pọ̀.

Kí ni ó fọ́ lọ́jọ́ náà? Láti ìgbà Àpéjọ Nísíà Kejì, ní ọdún 787, ni Ìjọ ti ń kọ́ wa pé ọlá tí a bá fún àwòrán a máa kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí àwòrán náà dúró fún. Nítorí náà ẹni tí ó fọ́ amọ̀ kò fọwọ́ kan Ìyá Olúwa. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá fa àwòrán ìyá rẹ tí ó ti kú ya, ìwọ yóò ha sọ pé bébà lásán ni?

Ìdí nìyí tí n kò fi lòdì sí dígí. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé dígí a máa jẹ́ kí a rí ohun kan lójoojúmọ́ láìsún mọ́ ọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, ère Ìyá Olúwa tí ó gbé òkú Ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, èyí tí Michelangelo gbẹ́, wà lẹ́yìn dígí nítorí pé ọkùnrin kan fi òòlù lù ú ní 1972. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni ère idẹ Pétérù wà, tí ọwọ́ àti ẹnu àwọn onígbàgbọ́ ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀ dán títí àwọn ìka rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Èwo ni a bọlá fún jù? Ní tèmi, n kò lè pe ẹsẹ̀ tí ó jẹ bẹ́ẹ̀ ní ohun tí a bà jẹ́.

Ère ti ilé wa kì í ṣe ti Michelangelo. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ka Rosári lálẹ́, ẹ ṣí àpótí náà, ẹ gbé ère sórí tábìlì láàárín àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹ má ṣe nà wọ́n. Bí ó bá sì bọ́, tí ó fọ́, gọ́ọ̀mù wà lọ́jà.