Ojú Ẹ̀rọ, Ojú Ènìyàn: Ta ni Ó Ń Ṣọ́ Ilé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí a bá rìn káàkiri Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ lónìí, a ó rí kámẹ́rà lórí géètì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún àti àfọ́kù ìgò tí a rì mọ́ orí ògiri. Onílé lè wà ní ibi iṣẹ́, kí ó máa fi fóònù wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín nìyí: ṣé gbogbo ohun tí a bá rí ni a mọ̀? Ǹjẹ́ ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ti bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe rẹ̀ sí aládùúgbò bí?

Èrò àṣìṣe kìíní ni pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó ń lé olè. Kámẹ́rà kò lọ́wọ́ tí yóò fi di olè mú. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì tán, ère lásán ni. Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ ZTE ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 470 dọ́là, nínú èyí tí gbígbé kámẹ́rà sí ìgboro Àbújá àti Èkó wà. Nígbà tí ó yá, àwọn aṣòfin ní láti máa wádìí ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ṣiṣẹ́.

Èkejì ni pé ìta nìkan ni ewu ti ń wá. Ní 2016, ètò aṣebi kan tí a ń pè ní Mirai wọ inú kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí iye wọn ju ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ káàkiri ayé, nítorí pé àwọn tí ó ni wọ́n kò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí tí ilé-iṣẹ́ fi sí wọn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ tí a gbé kọ́ láti dí ilẹ̀kùn lè di ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù: pé ohun tí ẹ̀rọ bá ti fi hàn, òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ní òpópónà tí mo ń gbé ní Ìsọlọ̀, wọ́n wá sìlíńdà gáàsì obìnrin kan tì ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Onílé ṣí fóònù rẹ̀, a sì rí ọmọkùnrin kan tí ó gbé ẹrù tí a fi aṣọ bò, tí ó gba géètì jáde ní agogo márùn-ún ìdájí. Ọmọ kíláàsì mi ni. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti ń gbá a létí, igbe olè sì ti gba àdúgbò. Gbogbo wa ni a mọ ibi tí irú igbe bẹ́ẹ̀ lè yọrí sí. Ní oṣù Ọ̀wàwà 2012, ní Àlùú ní ìpínlẹ̀ Rivers, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin ni àwọn èrò pa nítorí ẹ̀sùn olè.

Ìyá alákàrà ni ó sáré dé. Ó ní, “Bàbá onílé, ẹ dákun, ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ! Agbada mi ni ó gbé. Òun ni ó ń bá mi gbé e lójoojúmọ́ kí ó tó lọ sí ilé-ìwé.” Kò pẹ́ tí ọkọ obìnrin náà fi gbé sìlíńdà dé; ó ti lọ ra gáàsì sí i. Èmi tí mo mọ ọmọ náà jù, mo dúró, n kò sọ̀rọ̀. Èmi náà ti gbà pé òun ni.

Nínú ìwé tí Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo tẹ̀ jáde ní 1986, lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá, wọ́n fi hàn pé Yorùbá ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbàgbọ́. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó mọ̀. Ohun tí a sọ fún un, tí ó sì gbà, ni ó gbà gbọ́. Ẹnìkan lè wí pé, “Ṣebí ojú wa ni a fi rí i nínú fóònù?” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni a rí? A rí ọmọ, a rí ẹrù, a rí agogo márùn-ún. Ẹnikẹ́ni kò rí sìlíńdà. Olè kò sí nínú àwòrán náà. Àwa ni a fi í síbẹ̀. Ìgbàgbọ́ ni, tí ó wọ ẹ̀wù ìmọ̀. Ìyá alákàrà kò wo fóònù, síbẹ̀ òun nìkan ni ó mọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹnìkan ṣoṣo sì ni kámẹ́rà nínú ẹjọ́.

Àwọn baba wa náà ní ohun ìṣọ́ tí kò mí. Wọ́n a máa fi ìkarahun ìgbín tàbí àkísà pa ààlè sára igi ìdáná tàbí èso oko. Ààlè kò lójú, ṣùgbọ́n àwùjọ tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ òde òní: àwọn ènìyàn tí ó yí i ká ni yóò sọ ọ́ di ààbò tàbí ewu.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra kámẹ́rà. Kí a rà á, kí a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, kí a sì mọ orúkọ ọmọ tí ó ń kọjá níwájú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sì fi nǹkan hàn wá, kí a kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó gbé, kí ọwọ́ wa tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.