Ta Ni Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Yín Ń Gbọ́ràn Sí Lẹ́nu?

Tí èèyàn bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sílé, ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń bi ẹni tó ń tà á. Èló ni? Ṣé ó ń tẹ àwọ̀? Ṣé ó ní Wi-Fi? Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáa. Ṣùgbọ́n ìkẹrin wà tí ẹnu wa kì í sábà dé, òun sì ni àwa rò pé ó yẹ kó ṣáájú: tí a bá sanwó tán, tí a gbé e délé, tí a fi iná sí i, ta ni yóò máa gbọ́ràn sí lẹ́nu? Ṣé àwa tí a rà á ni, àbí ilé iṣẹ́ tó ṣe é?

Ó lè dà bí àsọdùn. Printer lásán, kí ló kan ọ̀rọ̀ ìwà níbẹ̀? Ẹ fara balẹ̀. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, kóòdù kíkọ la fi ń jẹun, púpọ̀ nínú wa ló sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé. A mọ̀ pé ẹ̀rọ yòówù tí software bá wà nínú rẹ̀ ti ní ẹni tó ń pàṣẹ fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á. Nítorí náà, tí a bá ń bèèrè ibi tí àṣẹ ti ń wá, ohun tí à ń bèèrè gan-an ni ìtumọ̀ "tèmi ni".

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé kì í ṣe fáàrí ló ń gbé èèyàn dé ìdí laser aláwọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ní ìwé àdéhùn láti tẹ̀, ó ní risíìtì, ó ní àwòrán tó fẹ́ fi han oníbàárà, àwọn ọmọ sì ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Printer tó ń lo íǹkì olómi kì í wọ́n láti rà, àmọ́ tí ẹ bá pa á tì fún ìgbà pípẹ́, íǹkì lè gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Laser kò ní ìyọnu yẹn. Tónà kì í ṣe omi rárá, lẹ́búlẹ́bú ike tó kúnná bí àtíkè ni. Iná laser á ya ohun tí a fẹ́ tẹ̀ sára ọ̀pá roboto kan, lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ mọ́ ọn, yóò bọ́ sórí bébà, apá kan tó gbóná tó nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius á sì yọ́ ọ mọ́ bébà náà. Ooru yẹn ló fà á tí inverter kékeré fi máa ń pariwo tí laser bá fẹ́ tẹ̀wé. Èyí tó jẹ́ aláwọ̀ ní tónà mẹ́rin: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Ẹ fi yẹ́lò yẹn sọ́kàn, a ó padà bá a.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tí tónà bá tán. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá nínú páálí sábà máa ń kéré sí èyí tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, nítorí náà ọjọ́ yẹn kì í jìnnà. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, owó wọn lè sún mọ́ owó tí ẹ fi ra ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Kí ẹlòmíràn má bàa wá ta tónà olówó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti lẹ chip kékeré kan mọ́ ara agolo tónà. Tí ẹ bá ki agolo yẹn bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á bi chip náà pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Tí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní tẹ̀wé. Tónà kún, bébà wà, iná wà, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ̀rọ náà kàn kọ̀ ni, torí wọ́n ti ní kó kọ̀.

Àwọn àgbà ní òwe kan tó korò: ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Òwe ìgbà tí wọ́n ń ra èèyàn tà ni, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ayé yẹn padà wá. Ṣùgbọ́n ìṣirò inú òwe yẹn ni wọ́n ń ṣe fún wa lónìí. Ẹni tó ni àṣẹ lórí software ló ni ẹ̀rọ, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń sọ irú tónà tí yóò wọ inú rẹ̀, òun náà ló ń dá iye tí yóò jáde lápò wa. Àwa tí a sanwó wá di aláàárù: à ń gbé e, à ń bọ́ ọ, à ń nu eruku ara rẹ̀.

Ìjà yìí ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ní nǹkan bí 1980, Xerox fún ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ọgbọ́n àtọwọ́dá ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser kan. Bébà máa ń há sí i lọ́fun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀, Richard Stallman, ti tún software ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ṣe débi pé tí bébà bá há, kọ̀ǹpútà á ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ wọn. Ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tuntun yìí náà, àmọ́ kò rí kóòdù rẹ̀ gbà. Ó lọ bá ọ̀mọ̀wé kan ní yunifásítì Carnegie Mellon tó gbọ́ pé ó ní in lọ́wọ́. Ẹni yẹn ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Stallman ti sọ ọ́ léraléra pé ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó sún òun dé ibi tí òun fi kéde iṣẹ́ GNU ní 1983. Púpọ̀ nínú irinṣẹ́ tí àwa fi ń kọ kóòdù lónìí, ìdí iṣẹ́ yẹn ló ti wá. Ẹ wò ó: ọkùnrin yìí mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ, ó mọ oògùn rẹ̀, ẹ̀rọ wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì ní kó má fọwọ́ kàn án.

Ní September 2016, àwọn kan tó ní oríṣi printer HP kan rí i lójijì pé íǹkì tí wọ́n ti ń lò láìsí wàhálà kò ṣiṣẹ́ mọ́, torí pé kì í ṣe chip HP ló wà lára rẹ̀. Update ti wọ inú ẹ̀rọ wọn ṣáájú, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ló ń dúró dè. Ariwo pọ̀. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì pé àwọn kò ṣàlàyé tó, wọ́n sì gbé update mìíràn jáde tí ẹni tó bá fẹ́ lè fi mú ìdènà náà kúrò.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹjọ́ Lexmark àti Impression Products dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Impression jẹ́ ilé iṣẹ́ kékeré tó ń ta agolo tónà tí wọ́n ti tún rọ tónà sí. Lexmark ní àwọn ti dín owó rẹ̀ kù fún ẹni tó kọ́kọ́ rà á, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò lò ó. Ilé ẹjọ́ dá a pé tí ilé iṣẹ́ bá ti ta ọjà rẹ̀, ẹ̀tọ́ patent tó ní lórí ọjà yẹn ti tán, kò lè fi patent lé e kiri mọ́. Ìdájọ́ yẹn dáa. Ṣùgbọ́n kò ní kí ẹnikẹ́ni yọ chip. Òfin ti ní kí onílé wọlé, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n á ní, "A ta ẹ̀rọ fún yín ní owó tí kò tó nǹkan, orí tónà la ti ń rí èrè wa. Ẹ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ ra èyí tó wọ́n." Wọ́n á tún ní tónà ayédèrú máa ń dà sínú ẹ̀rọ, ó sì máa ń bà á jẹ́. Òótọ́ wà nínú méjèèjì.

Ṣùgbọ́n àdéhùn tó le yàtọ̀ sí ẹ̀tàn. Ká ní ìyá kan lọ́jà ní òun yóò ta ìkòkò fún yín ní ìdajì owó, tí ẹ bá ti lè gbà pé ata tòun nìkan ni ẹ ó máa sè nínú rẹ̀. Ó le, àmọ́ etí yín gbọ́ ọ, ẹ lè gbà, ẹ lè kọ̀. Ká wá ní kò sọ nǹkan kan, ẹ ti fi ìkòkò náà sebẹ̀ fún ọdún kan, ó wá gba ojú fèrèsé wọlé lóru láti ti ọmọrí rẹ̀ pa. Ta ni yóò pe ìyẹn ní káràkátà? Ẹni tí kò mọ ohun tó ń gbà kò tíì gbà. Ẹni tí wọ́n yí àdéhùn rẹ̀ padà lẹ́yìn tó ti sanwó, wọ́n jà á lólè ni, kódà kí ìka ẹnikẹ́ni má kan àpò rẹ̀.

Wi-Fi sì ni fèrèsé yẹn. Ó dùn kí èèyàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kó fi fóònù tẹ ìwé tí yóò jáde ní pálọ̀. Àmọ́ ọ̀nà tí iṣẹ́ yín gbà wọlé ni update náà lè gbà wọlé, àjèjì pàápàá lè gba ibẹ̀ tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ náà sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìparí 2018, ẹnì kan tó ní òun ti wọ nǹkan bí 50,000 printer káàkiri ayé ní kí wọ́n tẹ ìwé tó ń polówó ojúlé YouTube PewDiePie. Ìwé náà jáde nínú ọ́fíìsì àwọn tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ náà kan oúnjẹ àwọn kan. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, àti ní ìsọ̀ kéékèèké káàkiri ìlú, àwọn èèyàn wà tó jẹ́ pé tónà ni wọ́n ń rọ sínú agolo tó ti tán. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń rà ló jẹ́ tòkunbọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan sì máa ń pín ayé sí agbègbè, débi pé ẹ̀rọ tó wá láti òkè òkun lè kọ agolo tí wọ́n ṣe fún apá ibi tí a wà. Ìlà kóòdù kan tí wọ́n kọ síbi tó jìnnà lè sọ ọgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń rọ tónà di òfo. Wọn ò bá a jà, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Yẹ́lò tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ laser aláwọ̀ ló máa ń tẹ àmì tóótòòtó aláwọ̀ yẹ́lò sórí ojú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Ní 2005, àwọn ẹgbẹ́ EFF ní Amẹ́ríkà tú àṣírí ti Xerox DocuColor: nọ́ńbà ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, ọjọ́ àti aago tí wọ́n tẹ̀wé náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní torí àwọn tó ń tẹ ayédèrú owó ni. Ìdí yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ta ló fẹ́ kí owó ayédèrú kún ìgboro? Àmọ́ àmì náà kò mọ ẹni tó ń tẹ owó yàtọ̀ sí ẹni tó ń tẹ ìwé láti fẹjọ́ ọ̀gá tó ń jalè sùn. Ògiri létí, a ti mọ̀ tipẹ́. Bébà tí à ń fọwọ́ ara wa rà náà wá lẹ́nu.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kàn wá, àwa tí à ń kọ kóòdù. Ìdènà yẹn kò já bọ́ láti ọ̀run. Ẹnì kan jókòó, ó kọ ọ́ pé: bí chip kì í bá ṣe tiwa, dúró. Ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́, wọ́n kí i kú iṣẹ́, ó gba owó oṣù. Irú iṣẹ́ yẹn lè wọlé sórí tábìlì ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́la, kó sì jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan láàárín ogún. "Wọ́n rán mi ni" kò tó ìdáhùn. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni, a lè fi tọmọ jẹ́ ẹ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. A lè bèèrè nínú ìpàdé pé, "Ṣé ẹni tó ra ẹ̀rọ yìí mọ̀?" A lè ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí. A lè fi bọ́tìnnì síbẹ̀ tí onílé yóò fi pa á. Wọ́n lè má gbà. Ṣùgbọ́n bíbèèrè yẹn ló ya oníṣẹ́ ọwọ́ sọ́tọ̀ sí irinṣẹ́ tó ń lò.

Ewo la wá máa rà? Ìmọ̀ràn wa kò le. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá àwọ̀ pọn dandan. Laser tó ń tẹ dúdú nìkan kì í wọ́n tó aláwọ̀, tónà kan ló ń jẹ, kò sì ní yẹ́lò tí yóò fi sàmì. Tó bá sì jẹ́ pé àwọ̀ ni iṣẹ́ yín, ẹ wá èyí tó lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ní ojú wáyà yàtọ̀ sí Wi-Fi, tó sì jẹ́ kí ẹ lè pa update àfiránṣẹ́. Ẹ bèèrè bóyá ó lè tẹ dúdú tí yẹ́lò bá tán, torí àwọn kan wà tí kò ní gbà. Ẹ ṣírò owó tónà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó ná owó ẹ̀rọ. Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ pààrọ̀ password tó bá a wá. Ẹ lè rí i pé èyí tó ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu fi díẹ̀ wọ́n ju èyí tí kì í gbọ́ lọ. Àlékún yẹn ni owó jíjẹ́ olówó nǹkan.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: "Ẹ̀gbọ́n, tí n bá gbé tónà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rọ ọ́ sínú rẹ̀, ṣé á tẹ̀wé?" Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kó gbé ọ̀kan wá, kó dán an wò lójú yín.