Ìjàpá tí Ó Mọ Ilé

Láàárín ọdún 1948 àti 1949, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, William Grey Walter, ṣe ẹ̀rọ kékeré méjì tí ó pè ní ìjàpá. Elmer àti Elsie ni orúkọ wọn. Bí wọ́n bá rí ìmọ́lẹ̀, wọn a tọ̀ ọ́ lọ. Bí ó bá mọ́lẹ̀ jù, wọn a yà kúrò. Bí iná bátìrì bá fẹ́ tán, wọn a wá ilé wọn lọ láti gba agbára.

Ẹni tí ó bá wò wọ́n lè rò pé ẹ̀mí wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò yàn láti wá sílé. Bí Walter ti so wáyà wọn ni wọ́n ṣe ń rìn. A kò lè yìn wọ́n, a kò sì lè bá wọn wí.

Àwa ńkọ́? Agogo ìjọ a lù, a ó sì wá. Bí ìpọ́njú bá dé, a ó gbàdúrà. Bí ara bá tù wá, a ó gbàgbé. Nínú Isaiah 1:3, Ọlọ́run fi màlúù tí ó mọ olówó rẹ̀ bá Ísírẹ́lì wí. Ìjàpá Walter mọ ibùjẹ, kò mọ ẹni tí ó ṣe é. Ọlọ́run fún wa ní agbára láti yàn, nítorí ìfẹ́ tí a kò yàn kì í ṣe ìfẹ́.

Ìbéèrè: Èwo nínú iṣẹ́ ìsìn yín ni ẹ ń ṣe nítorí pé ó ti mọ́ yín lára nìkan?