ǸJẸ́ ẸNI TÍ KÒ BÉÈRÈ LÈ WÍ PÉ ÒUN KÒ MỌ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ìgbà yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó wà nínú gọ́tà iwájú ilé, ó wà ní ìsọ̀ ọjà, ó wà ní ilé ìwòsàn tí a ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ. Ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni.

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọmọdé pé ta ni ààrẹ Nàìjíríà, yóò dáhùn kí a tó pa ẹnu dé. Bí a bá béèrè gómìnà, yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwa àgbà pé ta ni káńsílọ̀ tí ó ń ṣojú wọ́ọ̀dù wa, èló ni káńsù wa gbà ní ọdún tí ó kọjá, kí ni wọ́n sì fi ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò mi orí, a ó ní, "Èmi kò mọ̀ o." A sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, bí ẹni pé àìmọ̀ ti dá wa láre. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò nìyí: ẹni tí ó lè béèrè, ṣùgbọ́n tí kò béèrè, ǹjẹ́ ó lè dúró níwájú Ọlọ́run kí ó wí pé òun kò mọ̀?

ÀÌMỌ̀ KÒ RÍ BÁKAN NÁÀ

Àìmọ̀ kan wà tí kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún, tí kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà rí i, Ọlọ́run kò ní bi í léèrè ohun tí kò sí ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Èkejì ni àìmọ̀ ẹni tí wàhálà ayé kò jẹ́ kí ó ráyè: obìnrin tí ó jí ní aago mẹ́rin òru láti lọ ra ọjà ní oko, tí kò padà sílé títí ilẹ̀ fi ṣú. Àánú ni ó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo ń bá wí. Òun ni àìmọ̀ ẹni tí kò fẹ́ mọ̀, nítorí pé bí ó bá mọ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò di iṣẹ́ sí i lọ́rùn. Ẹ rántí àlùfáà àti ọmọ Léfì inú òwe aláàánú ará Samáríà. Wọn kò lu ọkùnrin náà, wọn kò sì jí owó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà kọjá lọ. Wọ́n fi ọ̀nà sí àárín ara wọn àti ohun tí wọn kò fẹ́ rí. Síbẹ̀, Olúwa wa kò yìn wọ́n.

KÍ NI IṢẸ́ WỌN?

Ní ọdún 1976 ni ìjọba ológun ìgbà náà tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe jákèjádò Nàìjíríà, tí ó fi di ìpele kẹta nínú ìjọba. Lónìí, 774 ni wọ́n, bí a bá ka àwọn mẹ́fà tí ó wà ní Àbújá mọ́ wọn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Lára rẹ̀ ni ọjà, gáréèjì, odò ẹran àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ará ìlú, ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà àti iná ojú pópó, kíkó pàǹtí, itẹ́ òkú, ilé ìtọ́jú fún aláìní àti aláìlera, sísọ òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ilé, àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjọ Ètò Ìkànìyàn ni ó ń fún ni ní ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ. Wọ́n sì ní ìpín pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ètò ìlera.

Ẹ tún àkọsílẹ̀ yìí wò dáadáa. Láti ọjọ́ tí a bí ọmọ títí dé ọjọ́ tí a óò sin òkú, kò sí ibi tí káńsù kò dé. Ta ni ó ń ná ọjà jù? Àwa obìnrin ni. Ta ni ó ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? Ta ni ó ń dúró ti aboyún ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé nígbà tí kò sí iná àti omi? Ta ni ó ń gbọ́n omi kúrò ní yàrá nígbà tí gọ́tà bá dí? Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú ìjọba tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin, èyí ni.

Owó tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wá láti inú owó tí a ń pín ní Àbújá lóṣooṣù. Ìyókù ń wá láti ọwọ́ wa: tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, owó ṣọ́ọ̀bù, owó gáréèjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpò kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń mójú tó ni owó Àbújá ń gbà kọjá, ẹ̀sùn sì pọ̀ pé kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn káńsù bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, àti pé gómìnà kò ní àṣẹ láti fi ìgbìmọ̀ tí a kò dìbò yàn sípò alága. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ dìbò káńsù: Kwara ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Ògùn ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Oǹdó ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Èkó ní oṣù Keje ọdún 2025.

Ìdájọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè wá bá wa dúró ní ojúlé kí ó máa ka iye gọ́tà tí a là. Bí owó bá dé ọ̀dọ̀ alága tààrà, tí kò sí ará ìlú kan tí ó béèrè, a kàn ti gbé ìṣòro náà kúrò ní ilé ńlá wá sí ilé kékeré ni.

ÀWÍJÀRE TÍ A MÁA Ń ṢE

Èkínní, a máa ń ní, "Òṣèlú ni. Kò yẹ ọmọ Ọlọ́run." Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ̀fọn kì í béèrè káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú kí ó tó jẹ ènìyàn. Ẹ ka orí kẹta ìwé Nehemáyà. A ka orúkọ àwọn tí ó tún odi Jerúsálẹ́mù mọ, àti apá tí olúkúlùkù mọ, ẹlòmíràn gan-an ní ọ̀kánkán ilé ara rẹ̀. Láàárín wọn ni a ti rí Ṣálúmù, tí ó jẹ́ ìjòyè ìdajì ìlú náà, òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Kì í ṣe tẹ́ḿpìlì ni wọ́n ń kọ́ lọ́jọ́ náà. Odi ìlú ni. Síbẹ̀, Ẹ̀mí Mímọ́ rí i pé ó yẹ kí a kọ iṣẹ́ àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí sínú Bíbélì.

Èkejì, a máa ń ní, "Ẹni ńlá ni. A kì í bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀ owó." Ẹ jẹ́ kí a wo inú ẹgbẹ́ wa níhìn-ín. Nígbà tí akápò bá dìde láti ka owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wí pé a pè é ní olè? Rárá o. Àkọsílẹ̀ náà ni ààbò rẹ̀. Ẹ́sírà wọn fàdákà àti wúrà ilé Ọlọ́run lé àwọn àlùfáà lọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Nígbà tí wọ́n dé Jerúsálẹ́mù, a tún un wọ̀n, a sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù pàápàá kò fẹ́ dá nìkan gbé owó ìrànlọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ó jẹ́ kí àwọn mìíràn bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun kan wí. Bí àpọ́sítélì bá gbà kí a ṣọ́ owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ìtìjú alága káńsù nínú ọ̀ràn yìí? Ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀sùn.

Ẹ̀kẹta, a máa ń ní, "A ó kàn máa gbàdúrà ni." Àdúrà dára, kò sì sí ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúwa wa fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n máa gbàdúrà láìṣàárẹ̀, àpẹẹrẹ ta ni ó lò? Obìnrin opó kan ni, tí ó ń lọ síwájú aláṣẹ ìlú lójoojúmọ́, títí aláṣẹ náà fi ṣe ohun tí ó tọ́.

Ẹ̀kẹrin, a máa ń ní, "Wọn kò ní dá wa lóhùn." Ẹ jẹ́ kí a rántí Abẹ́òkúta. Ní àkókò àwọn òyìnbó, ìjọba ìbílẹ̀ tí Aláké jẹ́ olórí rẹ̀ ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, síbẹ̀ kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olùkọ́ ni, ní ẹgbẹ́ kan fún àwọn obìnrin tí wọ́n kàwé. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà wá sọ́dọ̀ wọn láti kọ́ ìwé kíkà, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn wọ̀nyí ń rí. Ní ọdún 1946 wọ́n di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n béèrè, wọ́n rìn lọ sí ààfin, wọn kò sì dákẹ́. Ní ọdún 1948 Aláké fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà kan, a dá owó orí obìnrin náà dúró, obìnrin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìwé kíkà àti ìfetísílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tiwa yìí ní méjèèjì.

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó LE DÍẸ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú ìfẹ́. Ní ọjọ́ ìkórè àti ọjọ́ ayẹyẹ, a máa ń pe àwọn aláṣẹ láti wá ṣe alága ètò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ná owó ńlá sílẹ̀, a ó pàtẹ́wọ́, a ó kọrin, a ó gbàdúrà kí àpò rẹ̀ má gbẹ. Àpò wo? Bí ó bá jẹ́ owó oṣù rẹ̀ ni, kí Ọlọ́run bù kún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó tí ó yẹ kí a fi ra oògùn sí ilé ìwòsàn, a jẹ́ pé aboyún tí kò rí oògùn ni ó dáwó ìkórè wa, láìmọ̀ àti láìfẹ́. Èmi kò ní kí a máa lé àlejò kúrò ní ilé Ọlọ́run. Ohun tí mo ń wí ni pé àwọn àgbà kò parọ́ nígbà tí wọ́n ní ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ẹgbẹ́ tí ń retí owó lọ́wọ́ aláṣẹ kò lè ní ẹnu láti bi í léèrè.

Ó sì yẹ kí ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ béèrè mọ́. Ẹni tí ó ń da pàǹtí sínú gọ́tà nígbà tí òjò bá ń rọ̀, tí ó sì ń sá fún tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, kò lè pariwo pé káńsù kò ṣiṣẹ́.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Kí olúkúlùkù wa mọ orúkọ káńsílọ̀ rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Nígbà tí a bá san owó kankan fún káńsù, kí a gba rìsíìtì, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ pe káńsílọ̀ wá sí ìpàdé wa ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kì í ṣe láti dáwó, bí kò ṣe láti wá sọ ohun tí wọ́n ti ṣe. Bí a bá fẹ́ mọ iye owó tí a ná sórí iṣẹ́ kan, kí a kọ ìwé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a fọwọ́ sí i, kí a sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Òfin ọdún 2011 lórí ẹ̀tọ́ sí ìròyìn fún ará ìlú láyè láti béèrè bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 7 ni ó sì fún ọ́fíìsì ìjọba láti dáhùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà.

Àwọn baba wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí kò rí ọ̀nà àtimọ̀, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwa tí a kàwé, tí a ní ẹgbẹ́, tí a ní ohùn, tí àwọn aláṣẹ sì ń bọ̀wọ̀ fún, bí a bá dákẹ́ títí ọmọ fi kú ní ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn, kí a má ṣe wí pé a kò mọ̀. Ohun tí ó tọ́ kí a wí ni pé a kò béèrè.

Kí Olúwa kí ó fún wa ní ọkàn tí ń bìkítà, ẹnu tí ń sọ òtítọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àti ọwọ́ tí ó mọ́. Àmín.