Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ̀rọ Orin Ṣe Yẹ Kó Jíṣẹ́

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí olùkọ́ yunifásítì bá ń ráhùn pé wọ́n tún ti fi òun sínú ìgbìmọ̀ mìíràn. Ìkọ́ni ní iyì tirẹ̀, ìwádìí ní òkìkí tirẹ̀. Ẹ̀kẹta wọn, ìyẹn ìsìn fún yunifásítì, fún àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni nínú iṣẹ́ àti fún ará ìlú, ni ọ̀pọ̀ ń wò bí iṣẹ́ ẹrú. Wọ́n á pa á tì títí ìgbéga yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á wá máa sáré wá lẹ́tà ẹ̀rí kiri. Kò sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ìwà yìí ti burú lójú mi tó ti ìmọ̀ ẹ̀rọ orin, nítorí ìsìn ló bí ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀.

Lọ́dún 1957, ní Bell Labs ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, Max Mathews kọ ètò kan tó mú kọ̀ǹpútà IBM kọ orin fún ìṣẹ́jú-àáyá 17. Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ni ilé-iṣẹ́ náà ń bójú tó. Ta ló rán an sí olórin? Síbẹ̀, nígbà tó di 1963, ó kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn Science pé kọ̀ǹpútà lè di ohun èlò orin. Àpilẹ̀kọ náà bọ́ sọ́wọ́ John Chowning, onílù tó ń kàwé orin ní Yunifásítì Stanford ní California, tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Chowning gbéra, ó lọ bá a. Mathews kò ní kó lọ mú ìwé wá kó tó wọlé. Ńṣe ló kó ètò náà fún un, páálí káàdì tí wọ́n ti dá ihò sí lára. Chowning gbé e délé, kò mọ bí yóò ṣe mú un ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń fọn túbà, David Poole, ló ràn án lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò bá lè jókòó kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ọ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1967, Chowning ń lo kọ̀ǹpútà ilé ìwádìí ọgbọ́n àtọwọ́dá ti Stanford ní àwọn àkókò tí àwọn onílé kò bá lò ó. Ó mú ohùn kan, ó jẹ́ kó máa gbọ̀n bí ohùn akọrin ṣe ń gbọ̀n. Ó mú kí ìgbọ̀n náà yára sí i, ó mú kó fẹ̀ sí i, títí etí kò fi gbọ́ ọ bí ìgbọ̀n mọ́, tó wá di àwọ̀ ohùn tuntun: agogo, fèrè idẹ, ìlù. Ohùn méjì péré ni, tí ọ̀kan ń mi èkejì. Ọgbọ́n FM tí rédíò ń lò náà ni, àmọ́ níbi tí etí ti lè gbọ́ ọ. Nígbà tí yóò fi di 1973, ó ti kọ gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn, láìfi ohunkóhun pamọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan yunifásítì rèé. Stanford kọ̀ láti sọ iṣẹ́ olùkọ́ tí Chowning ń ṣe níbẹ̀ di iṣẹ́ títí láé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe dùrù ní Amẹ́ríkà wo ohun tó rí, wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Yamaha ti Japan ló gbà á. Nígbà tí Stanford rí i pé ẹni tí àwọn jẹ́ kó lọ ló ní ohun tí Japan ń wá, wọ́n pè é padà. Kíbọọ̀dù DX7 tí Yamaha fi ọgbọ́n náà ṣe jáde lọ́dún 1983, ó tà ju 100,000 lọ, ẹ̀tọ́ onídàásílẹ̀ lórí ọgbọ́n FM náà sì mú owó tó ju mílíọ̀nù 20 dọ́là wọlé fún yunifásítì.

Ẹlòmíràn ì bá padà wá gbẹ̀san. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Leland Smith, Loren Rush, John Grey àti Andy Moorer, ló dá CCRMA sílẹ̀ lọ́dún 1975, ibùdó tí olórin, onímọ̀ ẹ̀rọ àti onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń gbọ́ràn ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Díẹ̀ nínú owó ẹ̀tọ́ náà ló gbọ́ bùkátà ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká fojú tín-ín-rín irú iṣẹ́ yìí. Ta ni yóò jókòó pẹ̀lú àwọn aṣírò owó? Ta ni yóò bá onímọ̀ ẹ̀rọ àti olórin sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá jà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo? Lójú mi, ìgbìmọ̀ tó ń pín àkókò yàrá ohùn fún akẹ́kọ̀ọ́ ṣe pàtàkì ju àpérò tí wọ́n ń ya fọ́tò níbẹ̀ lọ. Nígbà tó sì di 1987, Max Mathews fúnra rẹ̀ wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní CCRMA: ẹni tó fún ọmọ ní páálí káàdì wá ń ṣiṣẹ́ nílé tí ọmọ náà bá wọn kọ́.

Ní ti ará ìlú, ohùn FM náà ti dé ibi tí ẹni tó rí i kò lérò. Ó wà nínú káàdì ohùn Sound Blaster ti 1989, ó wà nínú eré Sega, ó wà nínú ṣípù tí Yamaha ṣe fún dídún fóònù alágbèéká. Ọ̀pọ̀ tó ti jó sí i kò mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà nídìí rẹ̀, kò sì pọn dandan kí wọ́n mọ̀.

Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà. Miller Puckette, tó kọ ètò orin kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Max nígbà tó wà ní ibùdó ìwádìí orin IRCAM ní Paris, tó sì fi orúkọ Mathews sọ ọ́, lọ di olùkọ́ ní Yunifásítì California ní San Diego. Láti 1996 ló ti ń pín ètò orin mìíràn tó kọ, Pure Data, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni lè gbà á, kó tú u palẹ̀, kó tún un ṣe. Ó kọ ìwé lórí ọgbọ́n orin kọ̀ǹpútà, ó tún fi ìyẹn náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò dá Chowning lẹ́bi nítorí owó, torí owó yẹn ran ìkọ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ronú nípa ọmọ tó ní láptọ́ọ̀pù àlòkù kan ṣoṣo ní Ìbàdàn, ọ̀nà Puckette ni mo fara mọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn sì máa ń gbàgbé ni pé fífúnni nìkan kọ́ niṣẹ́. Ẹni tó bá pín ètò kọ̀ǹpútà fún ayé ti gba iṣẹ́ àtúnṣe fún ọdún púpọ̀: ẹ̀rọ yóò yí padà, ètò yóò bà jẹ́, àlejò yóò kọ̀wé láti ìlú tí kò dé rí. Àti kíka àpilẹ̀kọ ẹlẹgbẹ́ ẹni kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ńkọ́? Kò lówó, kò lórúkọ. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tó wá kọ ìlà méjì, iṣẹ́ ẹrú ló jẹ́ bí ẹrú.

Nílé wa níbí, àwọn yunifásítì náà ń béèrè ìsìn fún àwùjọ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń wá ìgbéga. Kí ni onímọ̀ ẹ̀rọ orin lè ṣe? Ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ gbọ́ bí sípíkà ṣe ń han. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí míksà kò rí ẹni kọ́ ọ. Ọ̀sán Sátidé kan péré lè yí ìyẹn padà, kò sì nílò ẹ̀bùn owó ìwádìí.

Iṣẹ́ tó wúwo jù wà lọ́dọ̀ àwọn onílù. Ohùn ìyáàlù dùndún máa ń yọ́ láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀ láàárín lílù kan ṣoṣo, bí a bá ṣe fún ọṣán rẹ̀ mọ́ra tàbí bí a bá ṣe dẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kíbọọ̀dù tó pín ohùn sí ìgbésẹ̀ 12 kò lè sọ ọ́, àwọn fáìlì ìlù tí wọ́n gé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì máa ń yadi. Ẹni tó bá fẹ́ tún èyí ṣe gbọ́dọ̀ dé ilé àyàn. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: kó dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ kí bàbá onílù kó tó gbé máíkì jáde, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ owó kí ìlù tó dún, kí orúkọ onílù wà lára fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ ìdílé. Bí àwọn àgbà ilé bá ní ìlù òrìṣà kan kò gbọdọ̀ jáde síta, kó pa á rẹ́ lójú wọn, kó wá bi wọ́n léèrè èwo ni wọ́n fẹ́ kí ayé gbọ́.